Ta Ló Ni Gírámà CMS Èkó Gan-an?

Ìbéèrè kan wọlé láti Ìsánlú, mo gé e kúrú díẹ̀: "Okun o, sà. Bàbá wa àgbà lọ lọ́dún tó kọjá, à ń múra ìrántí ọdún kan, wọ́n wá ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn sínú ìwé ètò. Gbogbo wa la mọ̀ pé Èkó ni Bàbá ti kàwé, CMS Grammar School, ní nǹkan bíi 1945 síwájú. Ibẹ̀ ni ìjà ti dé. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìjọba òyìnbó ló dá sùkúù yẹn sílẹ̀, ìyá àgbà ní irọ́ ni, Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni, àbúrò Bàbá ní Macaulay tó wà lórí náírà kan ni. Mo wò ó lórí fóònù, ó tún rú mi lójú sí i. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé Èkó wá ní kí la ń pariwo lé lórí, sùkúù gọ́mìnà lásán ni. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló dá a sílẹ̀, ta ló ni ín, ṣé ti àdáni ni àbí ti ìjọba?"

Okun o, àbúrò mi. Ẹ kú ìrántí Bàbá, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn. Mo ka ìbéèrè ẹ, mo rẹ́rìn-ín, kì í ṣe pé mo ń fi ìjà ilé yín ṣẹ̀sín o, mo kàn rántí kíláàsì mi ni. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ hísìtírì ní Kabba níbí kí n tó fẹ̀yìntì, ọdọọdún ni mo sì máa ń bi àwọn ọmọ pé ta ló dá sẹ́kọ́ńdìrì àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, gbogbo kíláàsì á pariwo lẹ́ẹ̀kan náà pé "òyìnbó!" bí ẹni pé òyìnbó kan ṣoṣo ló wà láyé. Ẹ̀yin tiẹ̀ gbìyànjú, ẹ ní orúkọ mẹ́ta. Ohun tí mo rí ni pé ìbéèrè méjì lẹ dì pọ̀ tẹ́ ẹ fi ń jà: ta ló dá a sílẹ̀, àti ta ló ni ín. Wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Ṣèbí ẹ mọ ilé tí bàbá kọ́, tí àkọ́bí wá ń gba owó rẹ́ǹtì níbẹ̀, tí ìjọba tún wá fi ọ̀dà pupa kọ àmì sí i lára.

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ, torí òun ló jìnnà sí òótọ́ jù, má sọ pé èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀ o. Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ọdún 1859 ni Gírámà, ìyẹn CMS Grammar School, ṣílẹ̀kùn; CMS ni Church Missionary Society, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èkó ò tíì di ti òyìnbó nígbà yẹn. Lóòótọ́ wọ́n ti wá yìnbọn sí ìlú lóṣù kejìlá 1851, wọ́n lé Kòsọ́kọ́, wọ́n dá Akíntóyè padà sórí oyè, kọ́ńsù wọn sì ti jókòó síbẹ̀ tó ń tojú bọ gbogbo ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ní 1859 Dòsùnmú ọmọ Akíntóyè ló wà lórí ìtẹ́, ó di oṣù kẹjọ 1861 kí wọ́n tó fi ọkọ̀ ogun halẹ̀ mọ́ ọn tó fi tọwọ́ bọ̀wé, tí Èkó wá di kólónì. Ìyẹn ni pé sùkúù yìí fi ọdún méjì ju ìjọba òyìnbó Èkó lọ lọ́jọ́ orí, báwo làbúrò ṣe máa wá bí ẹ̀gbọ́n? Tó bá sì jẹ́ ti owó lẹ̀gbọ́n ẹ ń sọ, 1872 ni ìjọba kólónì kọ́kọ́ yọ nǹkan lápò fún ẹ̀kọ́ l'Ékòó, pọ́n-ùn 30 péré fún ìjọ kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ìjọ mẹ́ta, CMS, Mẹ́tọ́díìsì àti Kátólíìkì, nígbà tó di 1877 wọ́n sọ ọ́ di pọ́n-ùn 200 lọ́dún fún ìjọ kọ̀ọ̀kan. Ọdún mẹ́tàlá gbáko ni Gírámà ti fi ń ṣí tó ń padé kí ìjọba tó mọ̀ pé àwọn ọmọdé ń kàwé l'Ékòó. Sùkúù tí ìjọba fọwọ́ ara ẹ̀ dá sílẹ̀ ni King's College, ọdún 1909 nìyẹn, Gírámà ti pé ẹni àádọ́ta ọdún. Mo rò pé èyí ló da ẹ̀gbọ́n ẹ rú, torí láti òkèèrè gbogbo sùkúù ńlá ńlá Èkó ló jọra wọn, ọ̀rọ̀ òyìnbó, bùlésà àti táì.

Ìyá àgbà sún mọ́ ọn. Mo máa ń sọ pé tí ìyá àgbà bá ṣìnà nínú ìtàn, ẹ wá òótọ́ nítòsí ibi tó ti ṣìnà. Kì í ṣe Crowther ló dá Gírámà sílẹ̀, àna rẹ̀ ni. Ẹni tó dá a sílẹ̀ tó sì jẹ́ prínsípà àkọ́kọ́ ni Rẹ́fúrẹ́ndì Thomas Babington Macaulay, ọkọ Abigail ọmọ Crowther. Crowther fúnra ẹ̀ ò ráyè sùkúù Èkó lásìkò yẹn, ọ̀dọ̀ tiwa níbí lọ́wọ́ ẹ̀ dí sí. Ní 1857 ó wọkọ̀ ojú omi Dayspring gòkè odò Ọya, ọkọ̀ yẹn gan-an ló fọ́ nítòsí Jẹ́bà, àwọn èèyàn ẹ̀ sì dá ibùdó sílẹ̀ ní Gbẹ́bẹ́, ibi tí odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé, òdìkejì ibi tí Lọ́kọ́ja wà lónìí. Wò ó báyìí ná: àna ń wá ilé tí yóò fi ṣe kíláàsì létí ọ̀sà, bàbá ìyàwó wà létí odò wa níbí tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní á-bí-dí. Èmi, ọmọ Kabba, tí mo bá ń kọ́ni ní ìtàn Gírámà, ibẹ̀ ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀, kí àwọn ọmọ má bàa rò pé ìtàn Èkó ò kàn wá.

Àbúrò Bàbá wá ńkọ́? Orúkọ ló mú un. Macaulay orí náírà kan ni Herbert, ọmọ ni, kì í ṣe bàbá. Oṣù kọkànlá 1864 ni wọ́n bí Herbert, sùkúù bàbá ẹ̀ ti pé ọdún márùn-ún. Ó kàwé níbẹ̀ lóòótọ́, ìyẹn ni àbúrò Bàbá ti gbọ́ tó fi so ó pọ̀. Mo sì mọ ohun tó da ìwọ náà rú lórí fóònù: tó o bá tẹ "Thomas Babington Macaulay", òyìnbó kan lá kọ́kọ́ jáde, olóṣèlú àti akọ̀tàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó kọ̀wé lórí ẹ̀kọ́ ní Íńdíà ní 1835, tó wá kú lóṣù kejìlá 1859. Ọdún kan náà tí Gírámà bẹ̀rẹ̀! Mo ti ka ìwé ètò ìsìnkú kan rí, wọ́n fi fọ́tò òyìnbó yẹn síbẹ̀, irun funfun, ọrùn gíga, wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀ pé "olùdásílẹ̀". Jọ̀ọ́, má ṣe irú ẹ̀. Ìdílé òyìnbó yẹn lókìkí ní Freetown torí bàbá ẹ̀ ti ṣe gómìnà níbẹ̀ rí, àwọn èèyàn wa tí wọ́n dá nídè kúrò lóko ẹrú sì máa ń gba orúkọ àwọn tí wọ́n mọ̀. Macaulay tiwa, Freetown ni wọ́n bí i sí, ọmọ Yorùbá ni bàbá àti ìyá ẹ̀, inú ọkọ̀ ẹrú ni wọ́n ti gbà wọ́n sílẹ̀.

Èmi máa ń dúró díẹ̀ síbi ọ̀rọ̀ Freetown yìí torí wọ́n máa ń yára fò ó. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì bá mú ọkọ̀ ẹrú lójú òkun, Freetown ni wọ́n ń kó àwọn èèyàn inú ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kó Àjàyí ọmọ Òṣogùn, Crowther yìí kan náà, lọ ní 1822. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ará Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá nìkan ló wà níbẹ̀ o. Ará Jámánì kan tó ń bá CMS ṣiṣẹ́, Koelle lorúkọ ẹ̀, jókòó ti àwọn tí wọ́n dá nídè yìí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bi wọ́n pé kí lẹ ń pe orí, kí lẹ ń pe omi, ó tẹ ìwé ẹ̀ jáde ní 1854, nínú àwọn èdè tó kó jọ, Yàgbà wà níbẹ̀, Ìjùmú wà níbẹ̀, Ọ̀wọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn wa ni. Ọmọ Ìsánlú tàbí ọmọ Ìyàrà kan jókòó ní Freetown, ó ń ka "ení, èjì" fún òyìnbó lẹ́yìn tí ogun ti gbé e kúrò nílé. Inú àwùjọ yìí ni Macaulay ti jáde. Ní 1845 ni CMS ti dá Gírámà sílẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin níbẹ̀, ìyẹn ló di àwòkọ́ fún ti Èkó, àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tí wọ́n dá nídè ní Freetown àtàwọn ọmọ wọn tó padà wálé, sì ń bèèrè pé kí ló dé tí àwọn ọmọ tiwọn tí wọ́n ń bí l'Ékòó ò ní rí irú ẹ̀.

Wàyí o, CMS. Òótọ́ ni pé ìjọ CMS ni Macaulay ń ṣiṣẹ́ fún, orúkọ ìjọ náà ló sì wà lára sùkúù, London ni wọ́n ti dá CMS sílẹ̀ ní 1799. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìyẹn, lójú ẹ̀ London ló fi owó ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo owó tí wọ́n fi ra ìwé àti àwọn ohun èlò àkọ́kọ́. Kápútẹ́ènì James Pinson Labulo Davies ló gbé pọ́n-ùn 50 kalẹ̀ lóṣù kẹrin 1859, oṣù méjì kí sùkúù tó ṣí. Oníṣòwò ni Davies, atukọ̀ ni, Sàró lòun náà, ọmọ àwọn tí wọ́n dá nídè. Òun ló fẹ́ Sarah Forbes Bonetta ní Brighton ní 1862, ọmọbìnrin tí ogun Dàhómì kó ní Òkè-Ọdàn tí Kuín Victoria wá gbà tọ́ bí ọmọ, nígbà tó sì yá òun náà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbin kòkó rẹpẹtẹ, ní Ijon lápá Agége. Nítorí náà tí mo bá ní kì í ṣe òyìnbó ló dá Gírámà sílẹ̀, kì í ṣe pé mo ń fi ọ̀rọ̀ dára: rẹ́fúrẹ́ndì tó jẹ́ ọmọ Yorùbá ló dá a sílẹ̀, oníṣòwò ọmọ Yorùbá ló fowó sí i, nínú ìlú tí ọba Yorùbá ń jẹ lé lórí, lábẹ́ orúkọ ìjọ òyìnbó. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti díjú nìyẹn, ibẹ̀ náà ló sì ti dùn.

Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Mẹ́fà! Gbogbo wọn ló ń gbé nínú sùkúù, bọ́ọ̀dìn ni wọ́n jọ wà. Ilé ilẹ̀ kékeré kan ní Broad Street ni, Cotton House ni wọ́n ń pè é, orúkọ òwú ló ń jẹ́, torí lásìkò yẹn CMS ń ti àwọn èèyàn sí òwò òwú kí ọwọ́ wọn lè kúrò nínú òwò ẹrú. Fojú inú wò ó, ọmọ mẹ́fà nínú ilé òwú, ooru ọ̀sà, ẹ̀fọn, rẹ́fúrẹ́ndì dúró níwájú tó ń kọ́ wọn ní Látíìnì àti Gíríìkì. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì, Lọ́jíìkì, Gíríìkì, Látíìnì, ìṣirò, jọ́mẹ́tìrì, jọ́gíráfì, hísìtírì àti Bíbélì. O rí i pé mi ò dárúkọ Yorùbá, kò sí níbẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni bàbá ìyàwó prínsípà ń jókòó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá o! Èmi ò fẹ́ gba ìyẹn mọ́ wọn lọ́wọ́, ó jẹ́ àbùkù, ẹni tó bá ń kọ́ ọmọ ní Gíríìkì tí kò kọ́ ọ bó ṣe máa kọ lẹ́tà sí ìyá ẹ̀, nǹkan kù. Ṣùgbọ́n mo lóye wọn náà. Òwò Èkó, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ìwé ẹ̀, òyìnbó sì ń sọ nígbà yẹn pé orí èèyàn dúdú ò lè gba Látíìnì, Macaulay tó ti kàwé dé Islington ní London mọ̀ pé irọ́ ni, ó fẹ́ kí ayé rí i. Ìtàn ẹ̀kọ́ yìí ò sì parí síbẹ̀, torí Babs Fáfúnwá tó jáde ní Gírámà ló padà wá ṣáájú àwọn tó fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ pírámárì fún ọdún mẹ́fà gbáko ní Ifẹ̀, láti 1970, kí wọ́n lè fi hàn pé ọmọ á mọ̀wé dáadáa tó bá jẹ́ èdè ìyá ẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Bode Thomas náà jáde níbẹ̀, amòfin olóṣèlú tó kú ní ọ̀dọ́.

Macaulay ò kúrò nípò títí ikú fi dé ní 1878, ìgbóná, ìyẹn ṣọ̀pọ̀ná, ló pa á. Isaac Olúwọlé gba ipò lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó wà níbẹ̀ títí di 1893, kó tó di igbákejì bíṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn rẹ̀ àwọn òyìnbó náà wá ṣe prínsípà, mi ò ní kà wọ́n tán fún ẹ. Èyí tó kàn yín nílé ni pé láti 1944 sí 1950, Rẹ́fúrẹ́ndì S. I. Kale ni prínsípà, ẹni tó padà wá di Bíṣọ́ọ̀bù Èkó. Tó bá jẹ́ 1945 síwájú ni Bàbá wọlé, Kale ni prínsípà wọn nìyẹn. Bi ìyá àgbà bóyá Bàbá dárúkọ ẹ̀ rí, àwọn ọmọ ìgbà yẹn kì í gbàgbé prínsípà tó bá nà wọ́n.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ tó ní kí lẹ ń pariwo lé lórí, bi í pé ṣé ó mọ bí ọmọ Yàgbà ṣe ń dé Èkó ní 1945. Sẹ́kọ́ńdìrì táwọn míṣọ́nnárì SIM (Sudan Interior Mission) dá sílẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ̀, Titcombe College, 1951 ló tó bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ ìjọba Àríwá la sì wà, Kabba Province, ẹni tó bá fẹ́ ìwé gíga fún ọmọ ẹ̀ gbọ́dọ̀ yan ibi tó máa rán an lọ, òkè ọ̀hún lọ́dọ̀ àwọn Haúsá ni tàbí ìsàlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n wa Yorùbá. Bàbá mi sọ fún mi bí ẹ̀gbọ́n tiwọn ṣe lọ: wọ́n gun lọ́rí tó kó ẹ̀pà dé Ọ̀fà, wọ́n sùn sí stéṣọ̀n, rélùwéè wá gbé wọn dé Ìddó, àpótí pákó kan àti iyán gbígbẹ nínú àpò. Wọn ò ní rí ilé mọ́ títí di Kérésì. Àwọn ọmọ kíláàsì máa ń fi ọmọ tiwa rẹ́rìn-ín nígbà tó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, torí "okun o" tá a fi ń kíra wa, ọmọ Èkó rò pé òkun ló ń sọ, wọ́n á ní ṣé ẹja ni ẹ́. Nígbà tó bá dé ilé fún ọlidé, ó ti ń sọ Yorùbá Èkó, ìyá ẹ̀ náà á tún máa fi í rẹ́rìn-ín. Ọmọ tó lọ tó sì parí, ilé àti ìdílé ẹ̀ ti san nǹkan. Ẹ kọ ìyẹn sínú ìwé ètò yẹn, ó ju ọdún tí wọ́n dá sùkúù sílẹ̀ lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìjọba àti àdáni, ibẹ̀ ni wàá ti ní sùúrù pẹ̀lú mi. Láti ìbẹ̀rẹ̀, sùkúù ìjọ ni, ti ara wọn ni wọ́n ń ṣe, owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn òbí ló ń gbé e ró, nígbà tó yá ìjọba ń fi gìráńtì díẹ̀ kún un, ìyẹn ò sọ ọ́ di ti ìjọba. Nígbà tó di àwọn ọdún 1970, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba sùkúù lọ́wọ́ àwọn ìjọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gba tiwa náà nígbà tá a wà lábẹ́ Kwara, Gírámà ò sì mú un jẹ. Lẹ́yìn náà Jákàńdè wọlé l'Ékòó ní 1979, ó ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ó tiẹ̀ fẹ́ fòpin sí pírámárì àdáni pátápátá, àfìgbà tí Áṣíbíṣọ́ọ̀bù Okogie gbé e lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì dá Okogie láre ní 1981. Ní 2001, nígbà tí Tinúbú jẹ́ gómìnà, Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn sùkúù padà fún àwọn ìjọ tó ni wọ́n, ọwọ́ ìjọ Áńgílíkà ni Gírámà wà báyìí. Nítorí náà ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ ò purọ́ tán, ó ti jẹ́ sùkúù gọ́mìnà rí, ṣùgbọ́n ìgbà díẹ̀ ni nínú ọjọ́ orí tó lé ní 160 ọdún. Ìgbà tí Bàbá kàwé níbẹ̀, sùkúù ìjọ ni, kò sí àríyànjiyàn.

Mi ò fẹ́ kó o rò pé mo ní ìjọba ṣe búburú nìkan o. Àbúrò mi obìnrin, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ló sọ ọ́ di nọ́ọ̀sì, bàbá wa ti san tiwa tán, kò ní kọ́bọ̀ fún tiẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí prínsípà ìjọ ò bá ti lé padà nítorí owó ló ríbi wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Mo kọ́ni ní sùkúù kan tí ìjọba gbà, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan mo jáde lẹ́yìn ọgbà lọ ra àkàrà, mo jókòó, mo ń jẹ ẹ́, mo wo bébà tó fi dì í, mo rí ìlà pupa, orúkọ ọmọ, orúkọ bàbá, ìlú: Ògìdì, Ayétòrò, Ìyàmoyè, àti ọjọ́ tó wọlé, ìwé ọwọ́ tó rẹwà gan-an. Rẹ́jísítà ọdún àkọ́kọ́ sùkúù wa ni. Epo ti mu orúkọ àwọn méjì. Mo dìde, mo padà lọ bá ìyá alákàrà, mo ra gbogbo bébà tó kù lọ́wọ́ ẹ̀, ó wò mí bí ẹni tí nǹkan ṣe, tíṣà ń ra bébà kò ra àkàrà. Wọ́n kàn palẹ̀ stọ́ọ̀ mọ́ ni, prínsípà kẹta láàárín ọdún méjì ló wà lórí oyè, kò mọ ẹnì kankan nílùú, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún un pé má ta èyí. Ìgbà tí sùkúù bá ní ẹni tó ni ín, ẹnìkan á pariwo. Àìsan owó ilé ẹ̀kọ́ dára, àìní onílé ò dára, mi ò tíì rí bí wọ́n ṣe máa mú ọ̀kan láìgba èkejì.

Ìyẹn ló fà á tí mo fi ní kẹ́ ẹ má gba gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá kọ sórí fóònù gbọ́. Wàá rí i pé Baptist Academy Èkó ń ka tiẹ̀ láti 1855, ìyẹn ṣáájú 1859, àwọn kan á ní òun ló dàgbà jù. Méjèèjì ò jọ takora, ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ làwọn Onítẹ̀bọmi fi bẹ̀rẹ̀ tiwọn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi ti sẹ́kọ́ńdìrì kún un lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, Gírámà ni sẹ́kọ́ńdìrì láti ọjọ́ kìíní. Methodist Boys' High School náà dé ní 1878. Ẹ lè kọ "sẹ́kọ́ńdìrì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà" láìfòyà. Ẹ sì kíyè sí ibi tó wà: ẹni tó bá lọ sí bọ́sítọ́ọ̀pù CMS ní Marina lọ wá sùkúù Bàbá yóò wá a tì, láti 1959 ló ti wà ní Bariga. Ìgbà Bàbá, Lagos Island ni, nítorí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ ya fọ́tò fún ìwé ètò, ilé Bariga yẹn kọ́ ni Bàbá jókòó sí, ẹ má kọ sábẹ́ ẹ̀ pé "kíláàsì Bàbá".

Ohun tí èmi máa kọ tó bá jẹ́ èmi ni: "Bàbá lọ sí CMS Grammar School, Èkó, sẹ́kọ́ńdìrì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí Rẹ́fúrẹ́ndì T. B. Macaulay dá sílẹ̀ ní 1859 lábẹ́ ìjọ CMS." Tí ìyá àgbà bá ṣì ń bínú, ẹ fi "àna Bíṣọ́ọ̀bù Crowther" sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Macaulay, inú ẹ̀ á dùn, kò sì ní jẹ́ irọ́. Àbúrò Bàbá náà, ẹ sọ fún un pé bàbá ẹni orí náírà ni, á gbà. Ti ẹ̀gbọ́n ẹ, ẹ fi í sílẹ̀. Ọdún tí Bàbá wọlé àti ọdún tó jáde ni èmi ò lè bá yín sọ láti Kabba níbí, ẹ má sì fi "nǹkan bíi 1945" tẹ̀wé. Ẹ kọ̀wé sí sùkúù tàbí sí ẹgbẹ́ àwọn tó jáde níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ tú àpótí Bàbá wò. Tẹ́ ẹ bá rí bájì tí wọ́n kọ "Nisi Dominus Frustra" sí, tiwọn ni, Sáàmù 127 ni, bí kò ṣe pé Olúwa bá kọ́ ilé náà. Tẹsitimóníà ṣì máa wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àwọn bàbá ìgbà yẹn kì í sọ ọ́ nù, abẹ́ aṣọ òkè ni wọ́n máa ń tẹ́ ẹ sí, nísàlẹ̀ pátápátá, pẹ̀lú káńfọ̀.